Èmi, Àwọn Ọmọ Mi àti Àyẹ̀wò Pápákọ̀ Òfurufú

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà ní ọdún 2014, mo sì rí i. Kì í ṣe inú igbó ni mo ti rí i, bí kò ṣe inú gbọ̀ngàn kan tí iná mọ̀nàmọ́ná tàn yòò, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ aláàbò ti ń yẹ ara àti ẹrù àwọn arìnrìn-àjò wò kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọmọ kan wà ní ẹ̀yìn mi, ọ̀kan di ìró mi mú, àpò méjì sì wà ní ọwọ́ mi. Ìbéèrè kan tí wọ́n bi ọmọ mi ní ọjọ́ náà ni ó bí àròkọ yìí.

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé àròkọ oníròyìn tí ó dára kò dá lórí àkànlò èdè nìkan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, ni òpó tí ó gbé e ró. Ọ̀kan nínú wọn dìde ní kíláàsì, ó ní kí n kọ tèmi kí àwọn rí i. Gbèsè náà ni mo ń san yìí. Ṣùgbọ́n mo tún ní ìdí mìíràn. Àwa olùkọ́ ni a ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń pe ìbátan ẹni, bí a ṣe ń dá àgbà lóhùn, àti bí a ṣe ń sọ òtítọ́. Mo fẹ́ fi hàn bí èmi tí mo ń kọ́ni ní nǹkan wọ̀nyí ṣe gbàgbé láti kọ́ ọmọ tèmi ní ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí ó fa Àyẹ̀wò

Kí n tó bá ìròyìn náà lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí àyẹ̀wò náà fi le tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìdí òfin yóò pe òfin náà ní ìyà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, àwọn apániláyà já ọkọ̀ òfurufú mẹ́rin gbà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi mẹ́ta kọlu àwọn ilé ńláńlá, ìkẹrin sì já sí pápá kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àwọn tí ó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Reid gbìyànjú láti tan iná ran ohun abúgbàmù tí ó fi pamọ́ sínú bàtà rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó gbéra ní Paris tí ó ń lọ sí Miami. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàtà bíbọ́ ti ṣẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tú àṣírí àwọn kan tí wọ́n fẹ́ fi ìgò ohun mímu gbé èròjà olómi tí ń bú gbàmù wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn èyí, ìyá tí ó bá gbé mílíìkì ọmọ dání ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti tọ́ ọ wò lójú àwọn ẹ̀ṣọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni òfin mìlílítà 100 bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù: ohun olómi kankan tí ènìyàn bá mú lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ohun tí ó gbà ju ìwọ̀n yìí lọ, gbogbo wọn sì ní láti wọ inú àpò ọ̀rá kan ṣoṣo tí ojú ń rí inú rẹ̀, tí kò gbà ju lítà 1 lọ. Wọ́n yọ mílíìkì àti oúnjẹ ọmọdé sílẹ̀, wọ́n yọ òògùn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè yẹ gbogbo wọn wò.

Èyí tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Nàìjíríà kan, Umar Farouk Abdulmutallab, wọ ọkọ̀ ní Èkó, ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Amsterdam, ó sì gbìyànjú láti tan ohun abúgbàmù tí ó wà nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń súnmọ́ Detroit. Ohun náà kò bú bí ó ti fẹ́, àwọn èrò inú ọkọ̀ sì gbá a mú. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Láti ọjọ́ náà, ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé wa kò tún fi bẹ́ẹ̀ rọrùn láti nà síni mọ́.

Ìgbáradì

Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni ó fún mi ní àyè láti rìn. Ọkọ mi ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kò sì tí ì fi ojú kan ọmọ wa kékeré rí. N kò ní dárúkọ àwọn ọmọ náà. Ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọkùnrin ọdún márùn-ún, Àbúrò sì jẹ́ ọmọbìnrin oṣù mọ́kànlá.

Ohun kan wà tí mo ní láti sọ nípa Ẹ̀gbọ́n kí ìyókù tó lè yé ẹ̀yin òǹkàwé. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni mo lọ kàwé gboyè kejì ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi í sí, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò sí àléébù nínú èyí. Ojú mẹ́rin ni í bí ọmọ, igba ojú ni í wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń lọ wò ó. Àwọn àbúrò mi tí wọ́n wà nínú ilé ń pè mí ní Àǹtí, wọ́n sì ń pe ìyá mi ní Màámi. Ohun tí ọmọ bá gbọ́ ni í sọ. Èmi náà di Àǹtí ní ẹnu ọmọ mi, ìyá mi sì di Màámi rẹ̀. Nígbà tí mo mú un padà sí ọ̀dọ̀ mi, n kò yí i padà. Mo ń sọ fún ara mi pé bí a bá ṣe pe ènìyàn kò kan nǹkan. Àwọn ará ilé a máa fi rẹ́rìn-ín, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kì í dé inú.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò wa, ìyá mi di ẹrù bí ẹni pé ìyàn mú níbi tí a ń lọ. Ó di èlùbọ́ sínú àpótí ńlá, ó di ògì gbígbẹ sínú ọ̀rá fún Àbúrò, ó fi ẹ̀gbà onídẹ kékeré sí i ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì rọ àgbo kún ìgò omi kan fún un.

Mo ní, "Màámi, wọn kò ní gbà á wọ inú ọkọ̀."

Ó ní, "Ta ni kò ní gbà á? Ṣé wọn kì í bímọ níbẹ̀ ni? Bí inú bá ń run ọmọ yìí ní àárín òfurufú, ṣé ìwé rẹ ni o máa kà sí i?"

N kò lè dá a lóhùn. Mo fi ìgò náà sínú àpò ìlédìí ọmọ.

Ọkọ mi náà kò jẹ́ kí n sinmi lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ó ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ dání, ó sì fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí pé òun ni bàbá wọn, òun mọ̀ sí ìrìn-àjò náà, tí ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Mo kùn sí i pé físà ti wà nínú ìwé ìrìnnà, kí ni a tún ń kó ìwé kiri fún? Ṣùgbọ́n ó ní ìdí: orúkọ bàbá mi ni ó wà nínú ìwé ìrìnnà mi, nítorí òun ni ó wà lórí gbogbo ìwé ẹ̀rí mi; orúkọ ọkọ mi sì ni àwọn ọmọ ń jẹ́. Mo kó àwọn ìwé náà sínú àpòòwé, mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpò kan náà, ní abẹ́ àwọn pámpáàsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò àgbo.

Ní ti Ẹ̀gbọ́n, ìmọ̀ràn méjì ni mo fún un, èyí tí mo ti ń fún un tẹ́lẹ̀. Èkíní, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Èkejì, bí àgbà bá bi í ní ọ̀rọ̀, kí ó sọ òtítọ́.

Ẹnu Ọ̀nà Àkọ́kọ́

Pápákọ̀ tí a ti gbéra jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ń gbà lọ sí òkè-òkun ní orílẹ̀-èdè wa. Àbúrò ti sùn lọ ní ẹ̀yìn mi nígbà tí ó kàn wá. Ẹ̀ṣọ́ obìnrin kan kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ kú ọmọ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọmọ kalẹ̀."

Ìyá tí ó bá ti pọn ọmọ rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí. Ọmọ tí ó sùn sí ẹ̀yìn kì í sùn padà bọ̀rọ̀ bí a bá tú u. Ṣùgbọ́n òfin ni: ohun yòówù tí a bá fi gbé ọmọ, ìbáà jẹ́ ọ̀já, ìbáà jẹ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó ní láti gba inú ẹ̀rọ kọjá lọ́tọ̀, kí ìyá sì gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gba ẹnu ọ̀nà, nítorí ohun tí ó farapamọ́ lè wà láàárín ẹ̀yìn ìyá àti àyà ọmọ. Mo tú ọ̀já. Mo ká a sínú abọ́ ike pẹ̀lú bàtà àti gèlè mi, mo sì ń wò ó bí ó ti ń bá ẹ̀rọ lọ. Àbúrò jí, ó figbe ta.

Bí a ti gba ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ náà pariwo. Kì í ṣe irin nìkan ni ẹ̀rọ yìí ń mọ̀. Idẹ, bàbà àti fàdákà, gbogbo wọn ni ó lè mú un ké, nítorí agbára iná tí ó ń rán jáde máa ń yí padà bí ó bá bá ohunkóhun tí iná lè gbà kọjá pàdé. Ẹ̀ṣọ́ náà wo ẹsẹ̀ ọmọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá àgbà ni ó fi èyí sí i, àbí?" Mo bọ́ ẹ̀gbà náà, a tún gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ kò ké mọ́. Ní àkókò yìí, Ẹ̀gbọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ọ̀gá wọn ní orí ilẹ̀ tútù náà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúrà fún un. Mo rò pé ó ti tán.

Ẹnu Ọ̀nà Kejì

Ìlú kan ní Yúróòpù ni a ti pààrọ̀ ọkọ̀. Wákàtí méjì péré ni ó wà láàárín ọkọ̀ tí ó gbé wa dé àti èyí tí a ó wọ̀ lọ. N kò mọ̀ pé wọ́n tún máa ń yẹ èrò tí ó bá ti ilẹ̀ bíi tiwa wá wò níbẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ kejì. Ìlà gùn, Àbúrò ń sunkún, ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n sì ti wú díẹ̀ nínú bàtà.

Mo to ẹrù sínú abọ́ ike. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nípa ẹ̀rọ tí ń wo inú ẹrù. Àwọ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Irin a máa hàn ní àwọ̀ aró, oúnjẹ, aṣọ àti ìwé a máa hàn ní àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n. Ohun abúgbàmù náà sì máa ń hàn ní àwọ̀ ọsàn yìí. Nítorí náà, bí oúnjẹ bá dì pọ̀ gbagidi, bí ògì gbígbẹ tàbí èlùbọ́ tàbí wàrà, ẹni tí ń wo ojú ẹ̀rọ kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ó ní láti tú u wò. Kì í ṣe pé ó kórìíra oúnjẹ wa. Wọ́n fa àpò ìlédìí Àbúrò sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ní kí n má ṣe fọwọ́ kàn án títí àwọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Ó wá kan Ẹ̀gbọ́n láti dá gba ẹnu ọ̀nà. Ó gbà á. Ẹ̀ṣọ́ ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ pa apá àti ìbàdí rẹ̀ wò. Ọmọ náà fò sẹ́yìn, ó ké ní èdè Yorùbá pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn mí! Àǹtí ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí!"

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbọ́ nínú gbogbo gbólóhùn náà ni "Àǹtí."

Ẹ̀ṣọ́ obìnrin kan súnmọ́ tòsí. Ó lóṣòó kí ojú rẹ̀ lè bá ti ọmọ náà dọ́gba, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ta ni obìnrin yìí. Ẹ̀gbọ́n rántí ìmọ̀ràn mi kejì. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ ọ ní iléèwé dáhùn pé àǹtí òun ni. Obìnrin náà bi í pé màmá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní màmá òun wà nílé ní Nàìjíríà.

Mo rí i bí ojú obìnrin náà ṣe yí padà. Ó gba ìwé ìrìnnà wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé orúkọ méjì ni ó wà níbẹ̀. Ó pe ẹnì kejì. Wọ́n ní kí n jókòó sí orí àga kan lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì mú Ẹ̀gbọ́n dúró níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi.

Mo ní èmi ni mo bí i. Mo ní ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá júni lọ ni à ń pè ní àǹtí. Mo ní ìyá mi ni ó tọ́ ọ. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni àlàyé náà ń jọ irọ́ tó, àní ní etí èmi fúnra mi. Mo nawọ́ sí àpò tí ìwé wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án, nítorí wọn kò tí ì tú u. Ní òkè, lórí pátákó, wọ́n ti kọ ọ́ pé èrò ti ń wọ ọkọ̀ wa.

Wọ́n tún bi ọmọ náà ní ìbéèrè. Kò dáhùn mọ́. Ojú mi ni ó ń wò, ó ń wá ohun tí òun yóò sọ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ní èdè Yorùbá ni ó kù: "Sọ fún wọn pé èmi ni màmá rẹ." Ẹnu mi ti là kí n tó pa á dé. Bí mo bá sọ ọ́ ní èdè tí wọn kò gbọ́, ohun tí wọn yóò rí ni obìnrin tí ń kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò wí. Yàtọ̀ sí èyí, èmi ni mo ní kí ó sọ òtítọ́. Òtítọ́ tí ó mọ̀ ni ó sì sọ. Kò sí ọjọ́ kan tí mo jókòó tì í láti sọ òtítọ́ mìíràn fún un. Mo dákẹ́. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe gùn tó kò yé mi rí títí di ọjọ́ náà.

Àgbo ni ó yọ wá. Ẹni tí ń tú àpò náà fa ìgò jáde, ó bi mí pé kí ni. Mo ní òògùn ìbílẹ̀ fún inú rírun ọmọdé ni. Kò ní ìwé, kò ní orúkọ olùṣe, ó sì ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Ó jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí. Ó da mílíìkì ọmọ díẹ̀ sí ojú ìwé pélébé kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó dá a padà. Ó fi aṣọ kékeré kan nu ọ̀rá ògì, ó ti aṣọ náà bọ ẹ̀rọ, ó dá ògì padà. Ó wá kó àwọn pámpáàsì jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpòòwé náà sì yọ. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, orúkọ ìyá sì wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà mi gan-an. Wọ́n tẹ nọ́ńbà tí ó wà nínú lẹ́tà. Ọkọ mi gbé e, wọ́n bi í ní ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ àti orúkọ mi, ó sì dáhùn. Wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀rọ náà, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Obìnrin náà dá ìwé wa padà, ó tọrọ àforíjì. Kí a tó lọ, ó tún lóṣòó níwájú Ẹ̀gbọ́n, ó sọ fún un pé ó ṣe dáadáa bí ó ti sọ ohun tí ó mọ̀. A sáré. Mo gbé Àbúrò mọ́ àyà, mo fi ọ̀já kọ́ ọrùn, n kò so okùn bàtà. Àwa ni èrò tí ó wọlé kẹ́yìn.

Inú Ọkọ̀

A ti gòkè tán kí Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé olè ni wọ́n pè wá?"

Mo ní, "Rárá. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó ni ọ́ ni o ń bá lọ ni."

"Ṣé ohun tí mo sọ kò dára ni?"

"Ohun tí o mọ̀ ni o sọ."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ bí mi ni?"

Mo ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ìbátan ilẹ̀ Yorùbá. Mo ti ya igi ìdílé sí ojú pátákó, mo ti bi wọ́n ní ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Ọmọ bíbí inú mi kò sì mọ̀. Mo sọ ìtàn ọjọ́ tí a bí i fún un níbẹ̀: òjò tí ó rọ̀ ní òru, iná tí ó lọ, Màámi tí ó gbé àtùpà dúró, àti igbe tí òun fúnra rẹ̀ ké tí gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá bi mí pé, "Màámi ńkọ́?" Mo ní Màámi ni ó bí èmi. Ó ronú sí i, ó ní, "Èmi jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì nígbà náà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tí Mo Kọ́

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú sí ẹ̀ṣọ́ obìnrin náà. Nígbà tí ó ṣe, mo rí i pé kò ṣẹ̀ mí. Fífi ọmọdé ṣòwò kì í ṣe àhesọ. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba wa fi dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003, ọdún náà gan-an ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó mú ọmọ mi dání, tí ọmọ náà sọ pé ìyá òun wà nílé, ṣé n kò ní fẹ́ kí ẹnì kan dá a dúró? Èdè ni ó ṣì wá lọ́nà. Yorùbá yá "àǹtí" lò, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú títí ó fi gba ẹ̀gbọ́n, olùkọ́, aládùúgbò àti obìnrin tí a bá pàdé ní ọjà. Ọ̀rọ̀ náà padà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni í, kò sì rí bí ó ti wà nígbà tí ó kúrò lọ́wọ́ wọn.

Fún ẹni tí yóò bá mú ọmọdé rin irú ìrìn yìí, ohun tí mo rí dì mú nìyí. Kí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà òbí tí kò bá wọn lọ wà ní ara ẹni, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ àpò. Kí a bọ́ ẹ̀gbà onídẹ nílé. Kí a fi mílíìkì àti oúnjẹ ọmọ sí òkè, kí a sì fi hàn kí wọ́n tó béèrè. Kí a má pọn ọmọ títí a ó fi kọjá. Kí a bá ọmọ ṣe eré rẹ̀ nílé ṣáájú: kí ó gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá, kí ó na apá, kí á sọ fún un pé ẹ̀ṣọ́ lè fọwọ́ kàn án bí òbí rẹ̀ bá wà níbẹ̀ tí ó ń wò, ní gbangba, àti pé èyí yàtọ̀ sí ti àjèjì tí ó pè é sí kọ̀rọ̀. Bí èyí kò bá yé e, ìmọ̀ràn rere tí a fún un yóò di ìjà ní ọ̀nà, bí ó ti rí fún èmi. Paríparí rẹ̀, kí ọmọ mọ orúkọ ìyá àti bàbá rẹ̀ ní kíkún, kí ó sì lè sọ ní èdè méjì ohun tí wọ́n jẹ́ sí i.

Àwọn òfin náà ń yí padà o. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà fòpin sí bàtà bíbọ́ fún gbogbo èrò. Àwọn ọmọdé tí kò ju ọdún 12 lọ ti gba òmìnira yìí ṣáájú. Ní oṣù kan náà, pápákọ̀ Edinburgh, tí ó ti ra ẹ̀rọ tuntun, gbà kí ohun olómi tó lítà 2 wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tuntun tí yóò gba ìbéèrè náà kúrò: ta ni ẹni yìí jẹ́ sí ọ?

Àgbálọgbábọ̀

Nígbà tí a padà dé, mo ròyìn fún ìyá mi. Nígbà tí mo dé ibi àgbo, ó pòṣé. Nígbà tí mo dé ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti ní màmá òun wà nílé, kò rẹ́rìn-ín bí mo ti rò. Ó pe ọmọ náà mọ́ra, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìyá rẹ nìyí o. Èmi bá a gbé ọ ni." Mo rí i pé ó ti wù ú láti sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, kò fẹ́ kí ó dun ẹnikẹ́ni ni.

Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ yunifásítì báyìí. Àǹtí ni ó ṣì ń pè mí nínú ilé, n kò sì ní kí ó yí i padà. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, tí ó bi í pé ta nìyí, a máa dáhùn kí ẹnu àlejò tó pa dé pé, "Màmá mi ni. Àǹtí ni mo ń pè é."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, bí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ ìbátan nínú ìwé iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe fi eré sá a kọjá. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde, kí ó sọ ẹni tí ó bí i, ẹni tí ó ń tọ́ ọ, àti bí ó ṣe ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kí ẹ sì tó lọ sí kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ bi èyí tí ó wà nílé yín.